Wọ́n na àbúrò mi kó tó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́: ṣé kóòtù lè dà á nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23 tó ń kọ́ iṣẹ́ títún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ni ọlọ́pàá mú lọ́dún tó kọjá pé ó wà lára àwọn tó lọ digun jalè nílé kan. Ọjọ́ 11 ló lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù. Ó ní wọ́n so òun rọ̀, wọ́n fi pẹlẹbẹ àdá na àtẹ́lẹsẹ̀ òun, wọ́n wá gbé ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ síwájú òun, wọ́n ní bí òun bá ti fọwọ́ sí i, òun á lọ sílé. Ó fọwọ́ sí i. Jẹnẹrétọ̀ kan wà tí wọ́n rí nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó sọ fún wọn pé ibẹ̀ ló wà. Ọ̀rẹ́ náà ti dárúkọ rẹ̀ nínú sítétímẹ́ǹtì tirẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ mú ìwé náà síwájú adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga. Àwọn ará àdúgbò ní kó sọ pé òun kọ́ ló fọwọ́ sí i. Bàbá wa ní ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ ti jẹ́wọ́, kò sí ohun tí lọ́yà lè ṣe sí i. Màmá wa rí i ní ọjọ́ kẹrin, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ó sì gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti ya lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì wà nílé nínú ọ̀rá. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o, arábìnrin mi. Ẹ bá mi kí màmá.

Bẹ́ẹ̀ ni, kóòtù lè dà á nù. Ní Èkó tí ẹ wà yìí gan-an, ọ̀nà méjì ni àbúrò yín lè gbà tí ìwé yẹn kò fi ní í di ẹ̀rí lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn agbaninímọ̀ràn àdúgbò kúrò nílẹ̀, torí àwọn gan-an ló fẹ́ ba ẹjọ́ yìí jẹ́. Kó má ṣe sọ pé òun kọ́ lòun fọwọ́ sí i. Òun ló fọwọ́ sí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni kó sọ ọ́.

Ó lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú yín. Nígbà tí olùpẹ̀jọ́ bá nawọ́ ìwé ìjẹ́wọ́ sí kóòtù, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùjẹ́jọ́ lè wí. Ó lè ní, "N kò sọ ohun tó wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n purọ́ mọ́ mi ni." Ó sì lè ní, "Ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà ni wọ́n fi gbà á lára mi." Létí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, ọ̀kan náà ni méjèèjì, ó ṣáà ń kọ ìwé náà ni. Létí adájọ́, wọn ò tilẹ̀ bára tan. Bó bá wí ti àkọ́kọ́, adájọ́ á gba ìwé náà wọlé, á fún un ní nọ́ńbà, á ní tó bá di ìparí ẹjọ́ òun á wò ó bóyá òun á gbà á gbọ́. Bó bá wí ti ẹ̀ẹ̀kejì, adájọ́ ò gbọdọ̀ gbà á wọlé bẹ́ẹ̀. Ó ní láti dá ẹjọ́ ńlá dúró ná, kó gbọ́ ẹjọ́ kékeré kan nínú rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní ẹjọ́-inú-ẹjọ́. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti lè kú. Ẹni tó bá sì ń sọ méjèèjì pọ̀, tó ní òun ò fọwọ́ sí i, tó tún ní wọ́n na òun kí òun tó fọwọ́ sí i, adájọ́ á wò ó lójú, kò tún ní gba ìkankan gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Bí ọlọ́pàá ló kọ ọ́ tán kí wọ́n tó gbé e fún un, kó sọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n nínà àti ìsorọ̀ ni kó ṣáájú.

Àsìkò tún wà ńbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú ìwé náà jáde ni lọ́yà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde ta kò ó, kí adájọ́ tó gbà á. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí lọ́yà jókòó tẹtẹrẹ, tí ìwé wọlé, tí olùjẹ́jọ́ wá bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tó ń ká sòkòtò sókè láti fi àpá ẹsẹ̀ han adájọ́. Àpá náà lè jẹ́ òótọ́, adájọ́ á ṣì ní ìgbà wo lọ́yà rẹ̀ wà tí kò sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú ìdájọ́ ni pé àròsọ ìgbẹ̀yìn ni. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ bá lọ́yà rẹ̀, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ ní ẹnu ọ̀nà kóòtù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá. Bàbá ò ṣàdédé sọ ohun tí wọ́n sọ. Lóòótọ́, òfin wa gbà pé ìjẹ́wọ́ nìkan tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi, bí adájọ́ bá ti rí i pé tinútinú ni ẹni náà fi sọ ọ́, tó sì gúnlẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi ìyà wá a. Ìwádìí ṣòro: ẹ máa wá ìka ọwọ́, ẹ máa wá ẹlẹ́rìí, ẹ máa tọ ipa fóònù. Ìwé kan péré tí ènìyàn fọwọ́ sí lè rọ́pò gbogbo rẹ̀ láàárín òru kan.

Ṣùgbọ́n abala 29 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ti dí ọ̀nà yẹn, ó kéré tán lórí ìwé. Ó ní bí wọ́n bá ti wí fún kóòtù pé wọ́n gba ìjẹ́wọ́ kan nípa ìnilára, tàbí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á, tàbí nítorí ohun tí ẹnìkan sọ tàbí tó ṣe tó lè mú kí ìjẹ́wọ́ ẹnikẹ́ni nírú ipò yẹn má ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kóòtù ò gbọdọ̀ gbà á àfi bí olùpẹ̀jọ́ bá fi hàn, kọjá iyèméjì, pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wo "ó ṣeé ṣe" yẹn dáadáa. Àbúrò yín kọ́ ló máa fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n na òun. Ọlọ́pàá ló máa fi hàn pé àwọn ò nà án. Òfin náà sì túmọ̀ ìnilára fúnra rẹ̀: dídá ènìyàn lóró, ìwà ẹranko tàbí ìwà àbùkù sí i, lílu u, àní fífi lílù dẹ́rù bà á.

Gbólóhùn kan wà láàárín abala yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ kà sí bàbá létí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí "bó tilẹ̀ lè jẹ́ òótọ́" ni ìjẹ́wọ́ náà. Òfin ò bìkítà bóyá ohun tó wà nínú ìwé ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń bi ni pé báwo lẹ ṣe rí i gbà. Inú máa ń bí àwọn ènìyàn sí èyí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti digun ja lólè rí kò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n da ìwé òótọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: tí a bá ní kí adájọ́ gba ìwé tí wọ́n fi àdá gbà bó bá ti jẹ́ òótọ́, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Ẹni tó jalè tí wọ́n so rọ̀ á ní òun jalè. Ẹni tí kò jalè tí wọ́n so rọ̀ náà á ní òun jalè. Ìwé méjèèjì á jọra, kódà ti ẹni tí kò jalè lè dùn ún kà jù, torí ẹni tó ń kọ ọ́ fún un mọ gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ní Ìpínlẹ̀ Delta, wọ́n mú ọmọdékùnrin ọlọ́dún 16 kan ní 2005 lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Fóònù ni wọ́n ní ó bá wọn gbà. Ohun tó sọ ni pé wọ́n fi ẹ̀mú yọ èékánná òun, òun wá fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ méjì tí wọ́n ti kọ tán. Ní 2013, wọ́n dájọ́ ikú fún un pẹ̀lú okùn. Ọdún 2015 ni gómìnà ìpínlẹ̀ náà tó dárí jì í lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti kọ lẹ́tà rẹpẹtẹ nítorí rẹ̀. Ìdáríjì gómìnà ni o, kì í ṣe pé kóòtù da ìwé nù. Ọdún mẹ́wàá ọjọ́ ayé ọmọ ló bá a lọ.

Ẹ tún wo ìlérí tí wọ́n ṣe fún àbúrò yín pé á lọ sílé bó bá fọwọ́ sí i. Ìlérí yẹn nìkan, láìsí pàṣán, lè tó. Ẹni tó ti lo òru mẹ́ta lórí símẹ́ńtì inú sẹ́ẹ̀lì, tí kò mọ̀ bóyá ìyá òun mọ ibi tí òun wà, kí ni kò ní í fọwọ́ sí tí wọ́n bá ní ilẹ̀kùn á ṣí? Kí lọ́yà rẹ̀ má fo ìyẹn dá torí pé nínà ló ń dunni jù. Ní ìdàkejì, kó má fi gbogbo agbára rẹ̀ sórí pé ọlọ́pàá ò ka ìkìlọ̀ fún un, tàbí pé wọ́n tàn án pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Abala 31 òfin kan náà ní àìkìlọ̀ nìkan tàbí ẹ̀tàn nìkan kì í pa ìjẹ́wọ́.

Ọ̀nà kejì rèé, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Láti 2007 ni Èkó ti ní òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2011. Abala 9(3) rẹ̀ ní bí ẹni tí wọ́n mú bá fẹ́ jẹ́wọ́, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba fídíò bó ṣe ń sọ ọ́. Bí kò bá sí ẹ̀rọ fídíò, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú lọ́yà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ yàn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 náà ní irú rẹ̀ ní abala 15 àti 17, tiwọn tilẹ̀ gba òṣìṣẹ́ Legal Aid (àjọ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà ọ̀fẹ́) tàbí ẹlòmíràn tí ẹni náà bá yàn láyè láti jókòó tì í.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣe bí ẹni pé àmọ̀ràn ni gbogbo ìyẹn. Àwọn kóòtù pàápàá ò fẹnu kò. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, pé òfin Èkó ò lè ní kí adájọ́ má gba ìwé tí Òfin Ẹ̀rí gbà. Ní 2015, nínú ẹjọ́ Owhoruke, Adájọ́ Rhodes-Vivour ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ọ́ gbangba pé lílù ni wọ́n sábà fi ń gba ìjẹ́wọ́ lára ènìyàn, ó sì dámọ̀ràn pé lójú lọ́yà nìkan ni kí wọ́n máa ti gbà á. Àmọ̀ràn ni títí di 2023. Lọ́dún yẹn, nínú ẹjọ́ Charles àti Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé-ẹjọ́ kan náà ní ó ti di dandan: bí kò bá sí fídíò, tí kò sì sí lọ́yà, ìwé náà ò lè wọlé.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni pé kò bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni gba àbúrò yín gbọ́. Nínú ẹjọ́-inú-ẹjọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni àti ti ọlọ́pàá mẹ́ta tó wọ aṣọ tó gún régé. Níbí, ìbéèrè kan ni: fídíò dà? Bó bá wà, ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí kò bá sí, lọ́yà wo ló jókòó tì í? Kí lọ́yà yín gbé àtakò méjèèjì kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó fi ti òfin Èkó ṣíwájú, kó fi ti ìyà tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí ó la ojú sílẹ̀ o. Láti ìgbà tí ẹjọ́ Charles ti jáde, mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ lọ́yà kan sí nísàlẹ̀, tí olùjẹ́jọ́ ò mọ̀ ọ́n rí láyé, ẹni tó wá gba bélì ẹlòmíràn ní téṣàn lọ́jọ́ náà tí wọ́n ní kó bá àwọn fọwọ́ síbẹ̀. Òfin ní lọ́yà tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Kò ní lọ́yà tó ń kọjá lọ.

Ní báyìí, ẹ ní kí lọ́yà fún yín ní ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ jókòó kà á láìkánjú. Mo lè sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ láìtíì rí i. Orúkọ rẹ̀ á kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì, ẹ̀sìn. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán gbinrin pé a ti kìlọ̀ fún òun dáadáa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kò pọn dandan kí òun sọ ohunkóhun àfi bí òun bá fẹ́, àti pé ohun tí òun bá sọ, wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí. Òun á ti fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ á wá bẹ̀rẹ̀. Ṣé àbúrò yín ń sọ Gẹ̀ẹ́sì báyẹn? Ọwọ́ ìkọ̀wé ta ni? Ṣé báírò kan náà ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi fọwọ́ sí i? Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣé ọjọ́ kìíní ni tàbí ọjọ́ kẹsàn-án? Bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, kí ló ń ṣe láti ọjọ́ kìíní? Bí ìwé mìíràn bá wà tó kọ ní ọjọ́ kìíní tó ti ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ wá a rí. Ó sábà máa ń wà, ó sì sábà máa ń sọnù.

Bó bá jẹ́ Yorùbá ló sọ, ibẹ̀ ni mo máa fi ọjọ́ kan gbáko jókòó sí. Mo ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn kan rí níbi tí olùjẹ́jọ́ ti wí fún ọlọ́pàá pé bàbá àgbàlagbà kan kú mọ́ òun lọ́wọ́, níbi tí òun ti ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ohun tó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọwọ́ òun ló pa bàbá náà. Mo rò pé ọlọ́pàá yẹn ò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló dé gegele. Ẹ gbọ́ èyí náà: "mo bá wọn níbẹ̀" àti "mo bá wọn débẹ̀." Ẹni àkọ́kọ́ wọlé, ó rí i pé wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹni kejì, wọ́n jọ gbéra nílé ni. Fọ́nrán kan péré ló wà láàárín àlejò àti olè, ẹni tó ń kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lágogo méjì òru ló sì máa já a. Bí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ìwé Yorùbá àti ìtumọ̀ rẹ̀ ló yẹ kó dé iwájú adájọ́, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì wá jẹ́rìí. Bí ẹni náà ò bá yọjú, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ lásán ló dà.

Bí ẹjọ́-inú-ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí ọrùn wọn ni ẹrù wà. IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí ẹjọ́ náà, á bọ́ sí àpótí, á búra, á ní omi tútù làwọn fún un mu, ó sì fi ayọ̀ jẹ́wọ́. (Ní ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì gbọ́ kí IPO kan sọ pé olùjẹ́jọ́ kọ́kọ́ kọ̀.) Wọ́n lè mú fọ́ọ̀mù kan jáde pé wọ́n mú un lọ síwájú ọ̀gá, ọ̀gá ka ìwé náà sí i létí, ó ní òun ló sọ ọ́. Àṣà yìí ti pẹ́, láti ayé òyìnbó amúnisìn, àwọn adájọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí lọ́yà bi ọ̀gá náà pé ta ni ó mú un wọlé, àti ta ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tó nà án náà ló mú un wá, tó sì tún máa mú un padà lọ sí sẹ́ẹ̀lì, kí ló fẹ́ kó sọ?

Lẹ́yìn wọn ni àbúrò yín á sọ tirẹ̀. Kó sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀léra: yàrá wo, àwọn mélòó, kí ni wọ́n fi so ó, ibo ni wọ́n so ó mọ́, ta ni ó mú ìwé wá. Kó má fi kún un rárá. Ẹni tí wọ́n fi àdá na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó wá ní wọ́n yìnbọn sí òun lẹ́sẹ̀, tí kò sí àpá ìbọn, ti pa àdá mọ́ ìbọn. Kí lọ́yà bèèrè ìwé tí téṣàn fi ń kọ orúkọ ẹni tó wọ sẹ́ẹ̀lì àti ẹni tí wọ́n mú jáde. Kó bèèrè ìwé kílíníìkì ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ tó wọlé síbẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń yẹ ara ẹni wò. Mo ti rí ibi tí ìlà kan nínú ìwé nọ́ọ̀sì kan ti borí ẹlẹ́rìí ọlọ́pàá mẹ́rin.

Ọjọ́ 11 tí ẹ mẹ́nu bà ńkọ́? Òfin-ìpìlẹ̀ wa, abala 35, ní ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé ènìyàn dé kóòtù bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n abala kan náà yọ ẹ̀ṣẹ̀ tó la ikú lọ kúrò, ìdigunjalè sì wà lára wọn. Olùpẹ̀jọ́ á rán kóòtù létí. Nítorí náà, ẹ má gbójú lé ọjọ́ 11 pé òun ló máa pa ìwé náà, ẹ lò ó láti fi hàn irú ipò tó wà. Ohun tí kò sí ìyọkúrò fún ni abala 34 tó ka ìdálóró léèwọ̀ àti ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ènìyàn á fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá fẹ́. Òfin tó lòdì sí ìdálóró ti 2017 ní ẹni tó bá dá ènìyàn lóró lè lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 25. Ìyẹn ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ọmọ sílẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀ ló le jù, n kò ní í tàn yín. Abala 30 Òfin Ẹ̀rí ní bí kóòtù bá tilẹ̀ da ìjẹ́wọ́ nù, tí ọlọ́pàá bá tọ ọ̀rọ̀ tó sọ lọ tí wọ́n sì rí nǹkan, wọ́n lè jẹ́rìí pé àwọn rí i, àti pé ọ̀rọ̀ tó sọ ló mú àwọn débẹ̀. Ara mi ò gba òfin yìí dáadáa, torí ó fi àyè kékeré sílẹ̀ fún pàṣán láti gbà wọlé, ṣùgbọ́n òfin ni. Òfin náà ò sì gbé e kọjá ibẹ̀, ìyẹn ni kí lọ́yà yín dì mú. Ó mọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ó tán. Mímọ ibi tí ẹrù olè wà kọ́ ni jíjalè. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ títún jẹnẹrétọ̀ ṣe lè mọ jẹnẹrétọ̀ tó wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n pè é wá wò ó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí? Ẹ bi í, kí ẹ sì bi ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dárúkọ rẹ̀ rọrùn. Ohun tí olùjẹ́jọ́ kan bá sọ nínú ìwé ìjẹ́wọ́ tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí lòdì sí ẹnìkejì rẹ̀, àfi bí ẹnìkejì bá gbà á mọ́ra nípa ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe. Abala 29(4) ni. Bí ọ̀rẹ́ náà bá bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí tó búra tó sọ ọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà, lọ́yà yín á sì láyè láti bi í léèrè.

Bí adájọ́ bá wá gba ìwé náà wọlé lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má ṣe sunkún ní kóòtù. Látìgbà ẹjọ́ Dawa ní 1980 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti ní kí adájọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́fà kó tó gbára lé ìjẹ́wọ́ tí ẹni tó sọ ọ́ ti kọ̀: ṣé ohun kan wà lẹ́yìn ìwé náà tó fi hàn pé òótọ́ ni, ṣé ẹ̀rí mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀, ṣé ohun tó ṣeé yẹ̀ wò nínú rẹ̀ bá òótọ́ mu, ṣé olùjẹ́jọ́ tilẹ̀ ní àǹfààní láti ṣe é, ṣé ó ṣeé ṣe, ṣé ó bá ìyókù ohun tí wọ́n fi hàn mu. Bí ìwé bá ní aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n lọ, tí onílé sì ní aago kan òru ni, ìwé náà ti ń kú lọ. Bí wọ́n bá sì dà á nù, ẹjọ́ ò tíì parí o. Wọ́n á máa bá a lọ pẹ̀lú ohun tó bá kù lọ́wọ́ wọn, lọ́yà yín sì lè sọ fún adájọ́ pé ohun tó kù kò tó kí àbúrò yín máa fi èsì sí i.

Bí owó lọ́yà bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń gba ẹjọ́ báyìí láìgba kọ́bọ̀.

Ó ku màmá àti ṣẹ́ẹ̀tì. Màmá jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ẹjọ́-inú-ẹjọ́, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fojú rí nìkan: ọjọ́ wo, aago wo, ọrùn ọwọ́ bó ṣe wú. Kí wọ́n má sọ pé ta ló nà án, wọn ò sí níbẹ̀. Kí wọ́n má jókòó sínú kóòtù nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn bá ń sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olùpẹ̀jọ́ á ní wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó sọ. Ní ti ṣẹ́ẹ̀tì, inú ọ̀rá tó wà yẹn ni kó wà. Ẹ kọ ọjọ́ tí màmá gbà á àti ẹni tó ti ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ sórí ìwé kan, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá màmá fọ̀ ọ́.